Ta Ni Ákítọ̀?

Ìyá àgbà mi kì í wo fíìmù kó má kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan: "Ta ni ákítọ̀?" Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣeré ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Warri, ákítọ̀ ni ẹnì kan ṣoṣo tí fíìmù dá lé lórí, ẹni tí wọ́n á yìnbọn fún títí ọta á fi tán, tí ọ̀kan ò ní bà á. Ọ̀tá rẹ̀ ni bọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀gá àwọn aṣebi. Bí mo bá ti nàka sí i pé ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì yẹn ni, ìyá àgbà á mí kanlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà rẹ̀. Ákítọ̀ kì í kú. Ó kàn kù kó mọ bí wọ́n ṣe máa pa àwọn yòókù ni.

Bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù fíìmù ní Okere. Ará Ìjẹ̀bú ni, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun jáfara. Iṣẹ́ páìpù omi ló bá wá sí Warri. Ohun tó sọ ọ́ di onífíìmù kò yé ìyá mi títí dòní. Ó kọ́kọ́ ń yá àwọn ènìyàn ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò, nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í yá wọn ní síìdì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kì í rántí orúkọ fíìmù. Wọ́n á wọlé, wọ́n á ní, "Oga, you get that one wey dem dey pursue the man?" Bàbá mi á ní èwo nínú wọn, nítorí nínú ìdajì ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń lé ọkùnrin kan. Nígbà tó sú u, ó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó tún un tò gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ sára pákó kọ̀ọ̀kan ní Yorùbá, èdè tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníbàárà yẹn kò lè kà. Ìlépa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nítorí òun ló ń yá jù. Ta Ló Pa Á wà lókè pátápátá. Àwọn tíṣà ló ń yá ìyẹn, wọ́n sì máa ń fẹ́ kí ènìyàn rí wọn pé wọ́n ń nawọ́ sókè. Bọ́ǹbù àti Wọ́n Jí I Gbé jọ wà lórí pákó kan. Èyí tó kẹ́yìn ni Orí Rẹ̀ Ò Pé, níbi tó kó gbogbo fíìmù tí kò yé òun fúnra rẹ̀ sí.

Ìyá tó bí ìyá mi ni ìyá àgbà tí mò ń sọ. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì ti ń ta ẹja gbígbẹ létí omi Warri kí wọ́n tó bí ìyá mi. Kò gbọ́ Òyìnbó. Pijin tó gbọ́ kò ju èyí tó lè fi ta ẹja lọ. Nítorí náà, èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ti ilé-ìwé dé tí iná sì wà, a máa ń jókòó sí pálọ̀, èmi á máa túmọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ fún un ní Yorùbá tèmi, tó jẹ́ Ìjẹ̀bú díẹ̀, Ìlàjẹ díẹ̀, Pijin púpọ̀. Bí ẹnì kan nínú fíìmù bá sọ̀rọ̀ gígùn, mo máa ń ní, "Inú ń bí i." Bó bá sọ̀rọ̀ kékeré, mo máa ń ní, "Inú ń bí i díẹ̀." Ìyá àgbà kò fìgbà kan ráhùn. Ó ní òun ń wo ojú wọn.

Kò pẹ́ rárá tó fi mọ òfin wọn. Nínú Ta Ló Pa Á, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé omi fún opó ni apànìyàn. Nínú Ìlépa, obìnrin tó ń sá gbọ́dọ̀ ṣubú, bí ilẹ̀ ibẹ̀ tilẹ̀ tẹ́jú bí tábìlì, bó bá sì dé ibi ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní ṣíná. Bí aṣebi bá fẹ́ wọlé olówó, ajá ilé ló ń kọ́kọ́ kú, ìyẹn sì máa ń dun ìyá àgbà ju ikú olówó lọ. Bọ́ǹbù kì í bú kí ákítọ̀ tó pinnu wáyà tó máa gé, wáyà tó bá sì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn kọ́ ni. Èyí tó wá gbà gbọ́ jù lọ ni ti fọ́tò. Ọlọ́pàá tó bá yọ fọ́tò ọmọ rẹ̀ jáde, tó fi han ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó sì rẹ́rìn-ín, ó parí fún un nìyẹn. "Má wulẹ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi mọ́," ni ìyá àgbà máa ń wí. "Ó ti lọ."

Òfin kan tún wà nípa ètò. Bí ákítọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ bá jókòó yí tábìlì ká, tí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yékéyéké kí àwa tó ń wò ó lè gbọ́, ètò yẹn máa dàrú. Bí wọ́n bá kàn forí korí, tí àwòrán sì sáré kúrò lọ́dọ̀ wọn kí a tó gbọ́ nǹkan kan, ó máa yọrí. Mo ti wo fíìmù púpọ̀ láti ìgbà yẹn. Mi ò tíì rí èyí tó já a nírọ́.

"Ọma mi" ló ń pè mí. Bí àwọn Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn. Ọma mi, wá jẹun. Ọma mi, ta ni ákítọ̀? Ó ń pe ìyá mi bẹ́ẹ̀, ó ń pe ẹni tó ń kiri búrẹ́dì bẹ́ẹ̀. Ó pe bàbá mi bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn, bàbá mi sì jáde lọ síta, ó ní òun ń lọ wo táyà ọkọ̀. Ibikíbi tí mo bá ti kọ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà síbí, mo ti sọ ọ́ di Yorùbá tí gbogbo wa ń kà. Ọ̀rọ̀ kan yẹn nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Lẹ́yìn náà ni ìjà dé. Kíráísì ni gbogbo Warri ń pè é, bí ẹni ń pe àlejò tó ti wá rí tó sì tún máa padà wá. Mi ò ní sọ ẹ̀yà tó jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyẹn kò ní wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún un tì. Ohun tó kan ilé wa ni pé Ìṣẹ̀kírì wà lára àwọn tí ìjà náà kàn, èdè Ìṣẹ̀kírì àti èdè Ìlàjẹ sì jọra gan-an. Ọma ni àwọn náà ń pe ọmọ. A sì ti gbọ́ pé níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan ti dí ọ̀nà, wọn kì í béèrè káàdì lọ́wọ́ ènìyàn bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n ń bá jà. Wọ́n kàn máa ní kó sọ̀rọ̀ ni.

Bàbá mi ń sọ lójoojúmọ́ pé Yorùbá kò sí nínú ìjà náà. Ó ń sọ ọ́ sókè, bí ẹni pé àwọn tó ń yìnbọn wà ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbọ́. Ìyá mi ní ó dáa, bí ìyá òun bá wá lanu ńkọ́? Ta ló máa dúró lẹ́bàá táyà tó ń jó, kó fetí sí àlàyé nípa ìyàtọ̀ tó wà láàárín Ìlàjẹ àti Ìṣẹ̀kírì? Wọ́n ń sọ ní àdúgbò wa nípa ìyá kan tó kí ènìyàn lójú ọ̀nà tí kò padà sílé mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo gbà á gbọ́ bí ẹni pé ojú mi ló ṣe.

Nígbà tí wọ́n sun ilé kan ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, bàbá mi ní ó tó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní mọ́ṣáláṣí ní yàrá méjì tó ṣófo ní ẹ̀yìn Jakpa Road, ní Effurun, ibẹ̀ sì dákẹ́ ju ọ̀dọ̀ wa lọ. A máa kó lọ síbẹ̀. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ti dí ọ̀nà tí a máa gbà, kò sì sí ọ̀nà míì.

Bàbá mi jókòó sídìí tábìlì, ó ṣàlàyé ètò rẹ̀ yékéyéké. Ìyá àgbà máa ṣe bí odi tó tún dití. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í ní nǹkan, kó kàn máa wo iwájú. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán. Ó ní bí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ báyìí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ó ní yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú fíìmù, ẹni tó bá ń díbọ́n pé òun dití, wọ́n máa ń já abọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lójijì, ọrùn rẹ̀ á sì yí.

"Ìyá," bàbá mi ní, "ẹ jọ̀ọ́, èyí kì í ṣe fíìmù."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà dá a lóhùn. "Ká ní fíìmù ni, à bá ti mọ ẹni tó jẹ́ ákítọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ló wá sọ ohun tó máa ṣe. Ó ní òun máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ lòun máa sọ. "Pẹ̀lẹ́" kò ní wàhálà nínú. Ọ̀rọ̀ tó ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìrò ni wàhálà, ọ̀rọ̀ ọma yẹn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá mi ní kí n kọ́ ọ.

Pákó Wọ́n Jí I Gbé ni mo ti kó ìwé ẹ̀kọ́ wa, nítorí kò sí fíìmù níbẹ̀ tí kò ní ọmọdé nínú. Àwọn tó jí ọmọ á fóònù bàbá rẹ̀, wọ́n á ní kó má pe ọlọ́pàá, bàbá á pe ọlọ́pàá. Bí ojú ọmọ náà bá ti yọ, èmi á nàka sí i, ìyá àgbà á sì sọ ohun tó rí.

"Ọma."

"Ọmọ, Ìyá."

"Ọmọ. Wò ó, wọ́n ti so ọwọ́ ọma yẹn mọ́lẹ̀!"

Bí àánú bá ti ṣe é, á gbàgbé. Ibẹ̀ ló ti nira, nítorí fíìmù jíjí ọmọ gbé kò sí fún nǹkan míì ju kí àánú ṣe ènìyàn lọ. Mo máa ń dá àwòrán dúró kó lè tún un sọ. Ó ń tún un sọ láìbínú, á fi ètè ṣù ú, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ tó gbóná wò. Nígbà tó yá ó ń rí ọmọ tí wọ́n dì lẹ́nu, tí wọ́n sọ sínú bùútù ọkọ̀, á sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ọmọ." Inú mi dùn. Mo sáré lọ sọ fún ìyá mi pé ó ti mọ̀ ọ́n.

Òwúrọ̀ la gbéra. Bàbá mi ń wakọ̀, ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi àti ìyá àgbà wà lẹ́yìn pẹ̀lú ìkòkò àti àpò aṣọ. Ọkọ̀ náà ṣíná lẹ́ẹ̀kan. Ìyá àgbà wò mí, ó mirí. Ó dá a lójú pé ká ní fíìmù ni, kò ní ṣíná.

Igi gbọọrọ kan àti táyà tó ti jó tán ni wọ́n fi dí ọ̀nà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mélòó kan jókòó sórí igi náà, wọ́n so aṣọ pupa mọ́ apá. Ọ̀kan dìde wá sọ́dọ̀ wa, ó fi àdá lé èjìká bí ẹni ń lọ sóko. Mo rò pé orin kan yẹ kó máa dún, nítorí ibi báyìí ni wọ́n máa ń fi orin sí nínú fíìmù. Ewúrẹ́ kan ló ń jẹ páálí lẹ́bàá kòtò.

"Where una dey go?"

Bàbá mi ní Effurun ni, àti pé Yorùbá ni wá. "Na me get film shop for Okere," ó ní. Ó yọ wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó lè fi káàdì mọ́ṣáláṣí hàn, ó sì ṣí i gbàgà lójú fèrèsé. Fọ́tò mi ló wà lójú ibẹ̀, ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, tí mo wọ fìlà òwú. Ọmọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó. Bàbá mi, tí ẹ̀rù ti sọ di ọlọ́yàyà, nàka sí fọ́tò náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Na my daughter be that."

Kí n tó ṣẹ́jú, ìyá àgbà ti na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó gbá wọ́lẹ́ẹ̀tì náà pa mọ́ bàbá mi lọ́wọ́.

Ọmọkùnrin náà gbójú sókè. Kò tíì ka ìyá àgbà sí tẹ́lẹ̀. Ó yí wá sí fèrèsé ẹ̀yìn.

"Mama, wetin you dey hide?"

"Na picture," bàbá mi ní. "Na my wife mama. She no—"

"I no ask you. Make Mama talk."

Ìyá mi kò yíjú padà. Bàbá mi kò lè ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pé ẹ̀mí òun ni ìyá ìyàwó òun ń dáàbò bò lọ́wọ́ fọ́tò. Ìyá àgbà ń wo ọmọkùnrin náà. Ọwọ́ tó fi di fèrèsé mú ní egbò, aṣọ tí wọ́n fi dì í ti dọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ sì ń rin jáde níbẹ̀. Mo rí i tí ojú ìyá àgbà dúró sórí egbò yẹn. Mo rí i tí àánú ṣe é. Ọkàn mi ní ó ti parí, nítorí mo mọ ohun tí àánú máa ń fà jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́," ó ní. Ó dúró. Ó fi ètè ṣù ú. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ọmọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn. "Wetin she talk?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó sórí igi ló dáhùn, kò tilẹ̀ dìde. "She dey tell you sorry for your hand. 'Ọmọ mi.' Na Yoruba."

"Thank you, Ma," ọmọkùnrin náà ní. Wọ́n gbé igi kúrò. Kó tó jẹ́ kí a lọ, ó bi bàbá mi léèrè ìgbà tó máa ṣí ṣọ́ọ̀bù, nítorí òun ti wo apá kìíní fíìmù kan tí wọ́n ti ń lé ọkùnrin kan, òun kò sì tíì rí apá kejì. Bàbá mi ní kó má ṣe ìyọnu, òun á bá a fi í pamọ́.

Kò rí apá kejì náà. Wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù wa kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Bọ́ǹbù, Ìlépa àti Ta Ló Pa Á ló jọ yọ́ pọ̀ sójú kan, kò sì sẹ́ni tó wá béèrè ta ló pa á. Bàbá mi padà sídìí páìpù omi.

Ní Jakpa Road, lọ́jọ́ tí a dé, ìyá àgbà bu oúnjẹ fún mi. "Ọmọ mi," ó ní, "wá jẹun."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ìta ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Mo rò pé tó bá di ọ̀la á ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi ni. Nígbà tí àwọn sójà dé, ọmọ mi ni. Nígbà tí wọ́n ní àlàáfíà ti padà, tí kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ èrò tún kún Okere, ọmọ mi ni. Ó tilẹ̀ wá ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ Ìlàjẹ yòókù kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, títí Yorùbá rẹ̀ fi dà bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn nínú rédíò. Àwọn ènìyàn a máa yìn ín. Bàbá mi ní ó ti sọ Yorùbá ju òun Ìjẹ̀bú lọ. Kò dùn mọ́ mi. Bó bá pè mí lọ́mọ, ó dà bí ìgbà tí ará ilé kejì pè mí. Mo wà nílé, àárò ilé sì ń sọ mí.

Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń wo fíìmù, mo sọ ọ́ jáde. Mo ní, "Ìyá, ẹ tún pè mí ní ọma."

Kò gbé ojú kúrò lára fíìmù. "Ta lo fẹ́ kó gbọ́?" ó ní.

Mo ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí nínú fíìmù. Ó rán mi létí bí gbogbo fíìmù yẹn ṣe ń parí: bọ́ọ̀sì ti kú, omi ti gbé e lọ, ákítọ̀ ti jókòó tó ń nu ojú, orin ti rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ kan máa ń jáde láti inú omi. "Ta ni ákítọ̀?" ó bi mí. Mo nàka sí ọkùnrin kan nínú fíìmù náà.

Mo dàgbà, mo lọ́kọ, a gba yàrá sí Igbudu, kò jìnnà sọ́jà. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, wọ́n fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyá àgbà wá wò ó. Ọ̀sán ni, ooru mú, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé, gbogbo Igbudu ló ń pariwo ní Pijin lóde. Ó ti darúgbó gan-an. Ó fìdí lé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì, mo sì gbé ọmọ náà lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó títí. Ó gbójú sókè, ó wo ilẹ̀kùn. Ó wo fèrèsé. Ó tún wo ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ó tẹ orí ba, ó fi ẹnu kan etí ọmọ náà, ó sì sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́ ọ.

"Ọma mi."

Mo dìde, mo lọ ti ilẹ̀kùn.